Ẹlẹ́wọ̀n Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Àwàdà Bàbá Sàlá, ìyẹn Moses Ọláìyá, ló tọ́ mi dàgbà. Bó bá ti yọ sójú agbo, gíláàsì ràbàtà àti táì ọrùn rẹ̀ á ti pa wá lẹ́rìn-ín kó tó la ẹnu. Aláwàdà tí kò bá kéde ara rẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n wò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé oorun ni mo fi wo Sanjuro, fíìmù tí Akira Kurosawa ṣe ní Japan ní 1962. Toshiro Mifune, onídà tí kò lọ́gàá, ń họra, ó ń yán. Àwọn ọ̀dọ́ jagunjagun mẹ́sàn-án ń wọ́ tẹ̀ lé e bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Ẹnikẹ́ni ò dápàárá.

Iva Valley ní Enugu ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Níbẹ̀ nígbà yẹn, bí iná bá lọ, ilé ẹni tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni aládùúgbò ń rọ́ lọ wo fíìmù. Ó kan ilé tèmi, mo fi Sanjuro hàn wọ́n. Ọmọbìnrin kan ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ fíìmù náà sókè sí èdè Ìgbò.

Wọ́n ń fi idà jà, èrò ò mira. Àfi ìgbà tó kan ẹ̀ṣọ́ ọ̀tá tí wọ́n mú, tí wọ́n tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Bí àríyànjiyàn bá le, á ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, á jáde wá dámọ̀ràn, á tún padà wọlé, á pa ilẹ̀kùn dé. Ilé hó! Nígbà tí ìròyìn ayọ̀ dé, tí wọ́n ń jó láìgbọdọ̀ pariwo nítorí ọ̀tá tó wà lẹ́yìn ògiri, ó bá wọn jó kó tó rántí pé ọ̀tá lòun náà.

Bàbá kan ò rẹ́rìn-ín rárá. Nígbà tí ìyàwó olóyè, ìyá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan, ń bá Mifune wí pé inú àkọ̀ ni idà tó dára ń gbé, bàbá ní kí n dá ibẹ̀ padà. Awakùsà èédú ni bàbá tirẹ̀. Ní November 18, 1949, ọlọ́pàá ìjọba àmúnisìn yìnbọn lu àwọn awakùsà tó ń kọrin, tó ń jó ní Iva Valley. Ènìyàn 21 kú. Ọ̀gá ọlọ́pàá náà, Captain Philip, ka ijó sí ogun. Bàbá ní ìyá yẹn ni kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìgbà náà ni mo rí àwàdà Kurosawa: ẹlẹ́wọ̀n àti ìyá àgbà ló ń ronú, àwọn onídà ni òmùgọ̀. Lójú tèmi, kò sí fíìmù jagunjagun tó pani lẹ́rìn-ín tó o. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a wò.