Òǹtẹ̀ Ara Ìbọn Bàbá Ńlá Wa

 

Ìbọn kan wà lójúbọ Ògún ilé wa ní Ọ̀bà-Ilé níbí tí kì í ṣe ṣakabùlà. Ẹnu méjì ló ní. Ọ̀kan dán nínú, ti ọta wẹ́wẹ́ nìyẹn. Èkejì ní ìlà tó lọ́ yíká nínú, ti ọta ẹyọ kan fún ẹran ńlá. Ohun tí wọ́n ń sọ fún wa ni pé bàbá ńlá wa gbé e ja Ogun Kírìjí. Lọ́dún yìí, àbúrò mi tó jẹ́ ọdẹ ní òun fẹ́ ra katiríìjì tuntun sí i, kí òun yìn ín lọ́jọ́ tí a bá ń bọ Ògún. Àwọn kan ní kò burú, pé ìbọn ogun kì í bàjẹ́. Èmi ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ìbọn léèrè ná.

Ìbọn òyìnbó ń sọ̀rọ̀ o. Kí wọ́n tó tà á, wọ́n á ki ẹ̀tù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ sí i, wọ́n á yìn ín. Èyí tí kò bẹ́ ni wọ́n ń lù ní òǹtẹ̀. Òfin ọdún 1813 ló dá ilé ìdánwò Birmingham sílẹ̀, ìlú tí ọ̀pọ̀ ìbọn tí wọ́n ń kó wá sí ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ti wá. Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù náà ní tirẹ̀. Ìbọn tí agbẹ̀dẹ tiwa rọ kò ní irú òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ agbẹ̀dẹ ni ẹ̀rí rẹ̀.

A yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Mo tú igi abẹ́ rẹ̀, mo fi epo díẹ̀ àti àkísà nù ún. (Ẹ má fi yanrìn tàbí fáìlì ha á, òǹtẹ̀ á pa rẹ́.) Ohun tí a rí rèé: àmì bí ẹyin, lẹ́tà ELG nínú rẹ̀, ìràwọ̀ lábẹ́, adé lókè. Liège nìyẹn. Lára ọ̀pá onílà, R wà lábẹ́ adé. A wá kìnnìún tó ní PV lábẹ́, èyí tó ń jẹ́rìí pé ọ̀pá gba ẹ̀tù tí kì í rú èéfín. Kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ló jáde. Àkọ́kọ́, ẹ̀tù dúdú nìkan ni wọ́n fi dán ìbọn yìí wò. Katiríìjì òde òní lágbára jù ú lọ. Ó lè bẹ́ mọ́ àbúrò mi lọ́wọ́, kí ọjọ́ ọdún di ọjọ́ ẹkún. Èkejì, ọdún 1893 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi adé lé ELG lórí. Kírìjí bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886. Ìbọn yìí kò débẹ̀.

Bàbá wa àgbà kan bínú: “Ṣé ìwọ lo fẹ́ sọ àwọn baba wa di òpùrọ́?” Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Rárá o, Bàbá. Ó lè jẹ́ pé wọ́n lọ sógun lóòótọ́, kó jẹ́ pé nígbà tí wọ́n padà sídìí ọdẹ ni wọ́n ra èyí. Ṣùgbọ́n irin la fi ń búra ní kóòtù. Bí irin bá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí, ṣé àwa ọmọ Ògún la ó wá já a nírọ́?” Bàbá dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, “Ẹ má yìn ín mọ́.”

Bí a ṣe parí ẹ̀ nìyẹn. Kírìjí á wà nínú oríkì bàbá, kò ní sí nínú oríkì ìbọn mọ́. Àbúrò mi á yin ṣakabùlà rẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ. Ti bàbá ńlá á máa gba epo àti obì rẹ̀ lójúbọ, láìsí ọta.

Ẹ̀yin tí irú ẹ̀ wà nílé yín, ẹ wo abẹ́ ọ̀pá rẹ̀ kí ọdún tó dé. Kí Ògún má fi ẹ̀jẹ̀ wa wẹ̀ o. Àṣẹ.