Ọwọ́ Òsì Dádì Mi

Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn wa, àlọ́ ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ. Àmọ́ àlọ́ kọ́ ló wà lọ́kàn mi ní sáà yìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn pírẹ́pù, màtróònù ránṣẹ́ pè mí. Ẹni tó bá ti gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì rí mọ̀ pé bí màtróònù bá pè ọ́ lálẹ́, tí kò sì pariwo mọ́ ọ, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ó fi fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mọ́mì mi ni. Wọ́n ní Dádì ṣubú sí balùwẹ̀, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò ṣeé gbé mọ́, ọ̀rọ̀ ò sì jáde lẹ́nu wọn dáadáa. Rọpárọsẹ̀.

Wẹ́dà ni Dádì mi. Apá ọ̀tún yẹn ló ń bọ́ gbogbo wa. Mọ́mì mi ń ta èlùbọ́, irú àti ata gígún ní ọjà Igbudu, fún àwọn Yorùbá tó wá ṣiṣẹ́ sí Wàrí bíi tiwa. Owó èlùbọ́ di owó oògùn, owó iléèwé mi kò sì pé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti owó ló dùn mí jù. Dádì mi kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Àwọn ni wọ́n jó gbogbo géètì ṣọ́ọ̀ṣì wa pọ̀, wọn ò gba kọ́bọ̀. Mo wá bi Ọlọ́run pé, ṣé owó iṣẹ́ wọn nìyẹn?

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi gbàdúrà. Tí gbogbo èèyàn bá ti di ojú ní òwúrọ̀, èmi á la tèmi sílẹ̀, mo ń ka ìṣó ara àjà. Ọ̀rẹ́ mi tó ń sùn sórí búńkì mi, ọmọ Ìtsẹkírì ni, òun ló kíyè sí i. Ó ní, “You no dey pray again?” Mi ò dá a lóhùn. Kò wàásù fún mi. Ó kàn ní, “Oritse dey sha,” ó sì bu gààrí fún mi. Oritse ni wọ́n ń pe Ọlọ́run. Kí n má parọ́, gààrí yẹn wúlò.

Àárín ìgbà yẹn ni tíṣà wa pín iṣẹ́ nínú ẹgbẹ́, pé kí kálukú sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tó ṣiṣẹ́ fún èdè wa. Ajàyí Crowther bọ́ sí mi lọ́wọ́. Inú mi ò dùn. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Bíṣọ́ọ̀bù, Bíbélì Yorùbá, ó parí. Àfi ìgbà tí mo ka ohun tó wà nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837 nípa bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú.

Ní 1821 ni ogun kó Òṣogùn, ìlú rẹ̀. Kò ju ọmọ JSS lọ. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, wọ́n ní ẹṣin náà kò dára, wọ́n bá dá ọmọ padà! Wọ́n tún tà á, ó di tábà àti ọtí. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ìgbà kan wà tí òun ò fẹ́ wà láàyè mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn Potogí ní oṣù kẹrin 1822, àwọn ọmọ náà rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi kọ́, wọ́n rí ọta àgbá nílẹ̀, wọ́n rò pé ẹran èèyàn àti orí èèyàn ni. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín.

Ibi tó mú mi gan-an ni ti ìyá rẹ̀. Ó ṣe ìrìbọmi ní Freetown ní 1825, ó di àlùfáà ní 1843, kò sì rí ìyá rẹ̀ títí di 1846, ní Abẹ́òkúta. Mo ṣírò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé mi: ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ìyẹn ni pé ó ti ń sọ fún àwọn ẹlòmíràn pé Ọlọ́run ṣeun, nígbà tí kò tíì mọ̀ bóyá ìyá òun wà láàyè. Èmi ti rò pé èèyàn ní láti rí ire ná kó tó gbàgbọ́. Mi ò sì ní fi èyí pamọ́: wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864 lóòótọ́, àmọ́ ọjọ́ ogbó rẹ̀ kò rọrùn. Ní 1890, àwọn òyìnbó kéékèèké inú iṣẹ́ náà wọ́ ọ nílẹ̀, ó sì kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Kò fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo gbàdúrà. Kò gùn. Mi ò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí Dádì dìde. Mo ní, “Olúwa, inú ṣì ń bí mi o, àmọ́ mo wà níbí.” Lẹ́yìn náà mo sùn, oorun gidi.

Ẹ má rò pé owó já bọ́ látọ̀run. Búrúsà gbà kí Mọ́mì máa san án díẹ̀díẹ̀, a ò sì tíì san án tán. Apá Dádì kò tíì gbé. Inú a ṣì máa bí mi lọ́jọ́ mìíràn, mo wá ń sọ ọ́ fún Ọlọ́run dípò kí n máa ka ìṣó.

Ní ọjọ́ àbẹ̀wò tó kọjá, mo rí i tí Mọ́mì ń ran ẹnì kan lọ́wọ́ láti sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Dádì ni, pẹ̀lú ọ̀pá. Wọ́n yọ bébà kan nínú àpò fún mi. Wọ́n ti ń fi ọwọ́ òsì kọ́ ìwé kíkọ. Sáàmù 121 ni wọ́n dà kọ, gbogbo ẹsẹ rẹ̀, ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí ìgbà tí adìyẹ rìn lórí ẹrẹ̀. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀.

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo bá ní, “Dádì, àmì ohùn dà?”

Wọ́n fi ẹnu apá kan rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde: “Ìwọ… tó wà lẹ́gbẹ́ Yorùbá… fi sí i.”

Mo ti fi sí i dé ẹsẹ kẹrin.