Díẹ̀ ló kù kí ajá kó bàbá ọmọ mẹ́ta sí wàhálà nílùú Ọba

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ajá tí àlejò bá wọlé tí kò gbó, onílé á ní oúnjẹ òun lásán ló ń jẹ. Èrò yìí náà ni bàbá ọmọ mẹ́ta kan gbé lọ sí London, ohun tó sì fẹ́ẹ̀ kó bá a nìyẹn.

Àwọn ọmọ ló ní àwọn fẹ́ ajá. Bàbá kọ̀ jálẹ̀, ó ní ìta lajá ń sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá wọn gbè sẹ́yìn wọn, kí ló tún kù? Wọ́n ra ajá, wọ́n sọ ọ́ ní Bingo. Bí ẹni tó ń pín lẹ́tà bá ti kanlẹ̀kùn, Bingo á gbó bí ẹni máa já ilẹ̀kùn, bàbá á sì máa rẹ́rìn-ín: “Ọmọ akin! Iṣẹ́ ẹ nìyẹn!” Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò mọ̀ pé ìkọ́kúkọ̀ọ́ lòun ń kọ́ ọ.

Nígbà tí iléèwé gba ọlidé, wọ́n kó àgọ́ aṣọ, sítóòfù àti Bingo sínú mọ́tò, ó di oko òyìnbó, níbi tí wọ́n ti ń sanwó láti sùn lórí koríko. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, fàájì ni wọ́n ń pe ìyẹn lọ́hùn-ún! Okùn gígùn ni bàbá fi so Bingo mọ́ èèkàn àgọ́.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ òyìnbó kékeré kan ń lé bọ́ọ̀lù bọ̀. Gbàù! Bingo fò sí i, èèkàn fà tu, ọmọ ṣubú yakata. Ajá ò gé e jẹ o, ṣùgbọ́n ìyá ọmọ figbe ta, gbogbo ẹni tó wà nínú àgọ́ tú síta.

Ara bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òfin ajá eléwu tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún 1991 kò dúró dìgbà tí ajá bá buni jẹ. Bó bá ti kọjá ìkáwọ́ olówó ẹ̀, tí ìdí gidi sì wà fún èèyàn láti bẹ̀rù pé yóò ṣe òun léṣe, ẹ̀ṣẹ̀ ti délẹ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù 6 lè tẹ̀ lé e. Bó bá ṣe èèyàn léṣe, ó lè tó ọdún 5. Bẹ́ẹ̀, bàbá ti kọ̀wé pé òun fẹ́ di ọmọ ìlú, wọ́n sì máa ń yẹ ìwà èèyàn wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

“Dádì, ẹ bẹ̀ wọ́n!” Ìyàwó ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá gbàgbé pé òyìnbó ni wọ́n, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bàbá ọmọ náà, tóun náà ń sin ajá, ló fà á dìde. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kóun fi ọ̀nà hàn án. Kó kọ́kọ́ mú ajá rìn dáadáa, kó tó so ó. Kó lo okùn kúkúrú, kó so ó jìnnà sí ojú ọ̀nà. Bó bá rí àlejò lókèèrè, kí Bingo tó gbó rárá, kó fún un ní ẹran tín-ín-tín, kó lè mọ̀ pé oore ni àlejò ń mú bọ̀. Bó bá sì ti gbó, kó má pariwo mọ́ ọn, torí lójú ajá, olówó ẹ̀ náà ń bá a gbó ni. Kó rọra mú un kúrò níbẹ̀. Kó má sì jẹ́ kí ọmọdé kankan fọwọ́ kàn án láìtọrọ àyè.

Ó fi kún un pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta sí ọjọ́ 31 oṣù Keje, lórí ilẹ̀ ìgbẹ́ tí òfin ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, okùn ajá ò gbọ́dọ̀ ju mítà 2 lọ, nítorí àwọn ẹyẹ tó ń yé sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà délé, bàbá ò sọ “ọmọ akin” mọ́. Tí wọ́n bá ti kanlẹ̀kùn, ẹran ló ń sáré wá. Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹni tó ń pín lẹ́tà tún dé. Lẹ́tà ọmọ ìlú ló mú wá. Bingo jókòó jẹ́jẹ́, ó ń jurù, kò gbó rárá.