Ariwo àti Òórùn: Bí Zebda Ṣe Sọ Ọ̀rọ̀ Olóṣèlú Di Orin

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ní í fọ́. Èyí tó bọ́ lẹ́nu Jacques Chirac ní ìlú Orléans, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1991, kò ṣe é kó mọ́. Chirac ni olórí ìlú Paris nígbà náà, ó sì ti ṣe Olórí Ìjọba rí. Níbi àsè ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, ó sọ ìtàn òṣìṣẹ́ Faransé kan tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ń ṣe làálàá, tí aládùúgbò wọn sì jẹ́ àjèjì tó ní ìyàwó mẹ́ta tàbí mẹ́rin àti nǹkan bí ogún ọmọ, tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba tabua láìṣiṣẹ́. Ó ní bí a bá tún fi ariwo àti òórùn kún un, orí òṣìṣẹ́ náà yóò dàrú. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ní Toulouse, ní gúúsù ilẹ̀ náà, ẹgbẹ́ akọrin Zebda gbọ́. Bọ́tà ni zebda lédè Lárúbáwá. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi í ṣe, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí Faransé ń pe bọ́tà bá ìnagijẹ àwọn ọmọ tí àjèjì láti Àríwá Áfíríkà bí sí Faransé dọ́gba létí. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Magyd Cherfi, tó ń kọ ọ̀rọ̀ orin wọn. Àlùjíríà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ní 1995, ọdún tí Chirac di Ààrẹ gan-an, wọ́n gbé àwo kan jáde tí gìtá rọ́ọ̀kì, régè àti ráàpù pàdé nínú rẹ̀. Wọ́n pè é ní Le bruit et l'odeur, èyí ni Ariwo àti Òórùn.

Ẹlòmíràn ìbá bú Chirac padà. Ohùn Chirac fúnra rẹ̀ ni Zebda gbé sínú orin tó ń jẹ́ orúkọ àwo náà, kò sì sí ẹni tó lè ní wọ́n purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ti dá a lóhùn. Wọn kò bá a jiyàn lórí ariwo, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò jiyàn lórí òórùn. "Láìṣiṣẹ́" ni wọ́n dì mú. Wọ́n ń bèèrè ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gbé ìlú ró. Ìbéèrè pèsìjẹ nìyẹn, irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ nínú ọnà èdè, gbogbo Faransé ló sì mọ ìdáhùn rẹ̀: lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òṣìṣẹ́ àjèjì pọ̀ rẹpẹtẹ lára àwọn tó la títì, tó kọ́lé, tó sì ń to ọkọ̀ ní ilé-iṣẹ́. Orin náà tún dárúkọ Monte Cassino ní Ítálì, níbi tí ogun ti gbóná ní 1944. Àwọn ọmọ Àríwá Áfíríkà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó jà níbẹ̀ lábẹ́ àsíá Faransé.

Kì í ṣe orin yìí ló sọ Zebda di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. "Tomber la chemise", orin ijó tó wà nínú àwo wọn ti 1998, ló ṣe bẹ́ẹ̀, ijó náà sì gbajúmọ̀ ju ẹjọ́ tí wọ́n ń rò lọ. Síbẹ̀, nígbà tí Chirac kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn oníròyìn tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ Orléans.