Ẹ̀yìn Tí Wọ́n Fi Pọ̀n Wá

Ní agboolé tí wọ́n bí mi sí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ kì í gbé ẹ̀yìn ẹnì kan ṣoṣo dàgbà. Bí ìyá bá gba oko lọ, ìyálé ni yóò pọn ọmọ. Bí ìyálé bá fẹ́ gún iyán, yóò tú ọ̀já, yóò gbé ọmọ fún ọmọbìnrin kan tí kò ju ọlọ́dún mẹ́jọ lọ. Bí ó bá rẹ èyí náà, ẹ̀yìn ìyá àgbà ń bẹ, níbi tí ìyá ti ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀yìn kan ní òórùn èéfín, òmíràn ti irú, òmíràn ti àdín, a sì mọ olúkúlùkù wọn kí a tó mọ orúkọ ẹni tó ni ín. Láti ibẹ̀ ni a ti rí ayé: ọjà pẹ̀lú ariwo ìyá alákàrà, ẹkù tí wọ́n ti ń fún epo, odò, ìjókòó àwọn àgbà, ìjà orogún, òkú àgbà tí wọ́n ń fi ìlù sin. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gbé ọmọdé kúrò ńbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwẹ̀. Ìyá àgbà yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nínú ọpọ́n, ọṣẹ dúdú nínú igbá, kàn-ìn-kàn-ìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yóò ra orí ọmọ kó lè rí roboto, yóò nà án lápá, yóò nà án lẹ́sẹ̀, yóò jù ú sókè, yóò gbà á, yóò tún jù ú, tí abiyamọ tuntun tó ń wò ó yóò fi ọwọ́ bojú. Lẹ́yìn náà, òrí lára, osùn látẹ́lẹsẹ̀ àti ní ìdodo, tìróò lójú. Ní gbogbo ìgbà yẹn oríkì kò dákẹ́ lẹ́nu ìyá: Àjàní, Àkànní, Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, bí ọmọ bá ṣe jẹ́, títí yóò fi kan àwọn baba tó ti kú tipẹ́.

Mi ò ní fi oyin sí i fún yín. Lẹ́yìn ìwẹ̀ ni wọn yóò rọ ọmọ: ìyá yóò ká àtẹ́lẹwọ́ kò ó lẹ́nu, yóò da agbo tàbí ògì sí i, ọmọ yóò sì gbé e mì tipátipá kó tó lè mí. Òmíràn gba inú imú lọ, ó sì di ikọ́. Ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ tí mo wí yẹn, àbúrò mi ló ń pọ̀n nílé nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, tí àwa ọkùnrin gbé síléètì. Títí ó fi jáde láyé, ẹlòmíràn ló ń bá a ka lẹ́tà àwọn ọmọ rẹ̀. Giri ń pa ọmọ, èéyi ń pa ọmọ, ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọ. Ẹ wo orúkọ àwọn ẹgbẹ́ mi kí ẹ mọ̀: Málọmọ́, Dúrósinmí, Kòsọ́kọ́, Bánjókòó. Àwọn òbí tó ń bẹ ọmọ ni wọ́n sọ orúkọ wọ̀nyẹn.

Àtúnṣe sí ikú ọmọdé kò jìnnà sí wa. Láàárín àwọn ọdún 1950, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà. Ó ṣètò ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Wọ́n ń wọn ọmọ déédéé, wọ́n ń fi àmì sí káàdì kan, ìyá ọmọ ló sì ń tọ́jú káàdì náà nílé, kì í ṣe ọsibítù. Bí ìlà orí rẹ̀ bá ń gòkè, ara ọmọ le. Bí kò bá gòkè mọ́, kí ìyá tètè wá. Káàdì yẹn yí ayé ká, àwọn abiyamọ wa tí kò mọ̀wé sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lò. Lónìí, ta ló tún ń sọ ọmọ rẹ̀ ní Málọmọ́?

Ní àsìkò yẹn náà ni àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀n ń bímọ sínú yàrá kan ṣoṣo, láìsí ìyálé, láìsí ìyá àgbà. Ìwé ń bẹ, iṣẹ́ ń bẹ, òtútù ń bẹ. Ọ̀pọ̀ wọn polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World, wọ́n gbé ọmọ fún obìnrin òyìnbó ní Kent tàbí Sussex kó máa bá wọn tọ́ ọ, wọ́n ń sanwó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lójú tiwọn, bí à ti í gbé ọmọ fún ìbátan nílé ni. Lójú òyìnbó, wọ́n ta ọmọ nù. Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn wá mọ̀, àjèjì sì ni. Àwọn kan rí ìfẹ́ níbẹ̀, àwọn kan rí ìyà, ọ̀pọ̀ wọn kò sì gbọ́ èdè ìyá wọn nígbà tí wọ́n padà sílé.

Èyí tó ń dùn mí ni pé ohun tí ọ̀nà jíjìn fà nígbà náà, à ń fi ọwọ́ ara wa fà á lónìí ní Èkó àti Ìbàdàn. Ọmọ ọlọ́dún méjì á jí kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó di jẹ́lé-ó-sinmi. Ìrọ̀lẹ́ ni yóò dé, géètì á tì, wọ́n á gbé fóònù lé e lọ́wọ́ kó lè jẹun. Mi ò bá ìyá rẹ̀ jà, owó ilé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Gẹ̀ẹ́sì tó fi ń bá a sọ̀rọ̀ ni mo ń bá a wí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún odindi ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ nínú iṣẹ́ mìíràn. A ti rí ìdáhùn láti ìgbà yẹn, a kàn kọ̀ ọ́ ni.

Àwọn ọmọ ọmọ mi tó wà lọ́dọ̀ wa, ìyá wọn ń fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára bó ti yẹ, kò sì rọ ìkankan nínú wọn. Oríkì ni mo mú ní tèmi. Èyí ẹ̀gbọ́n ti mọ tirẹ̀ dé ọ̀dọ̀ baba baba mi. Àbúrò ṣì ń ṣì í pè, mo sì ń tún un sọ fún un láràárọ̀ kí ọkọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó dé.