Ibi tí omi Bàámi ń gbé lórí ọ̀kadà

Ẹ̀yin tèmi, láti ìgbà tí mo ti gbé fọ́tò yẹn síbí lẹ ti ń bi mí pé kí ni páìpù ń ṣe lára Bajaj Bàámi. Ibi tí wọ́n ń ki ìgò omi bọ̀ ni. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

Bàámi ń gun ọ̀kadà ní Òkè-Ọ̀dàn níbí. Ọ̀kadà yẹn ló san owó ilé-ìwé mi títí mo fi gboyè, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ bú ọlọ́kadà, ẹ má bú u lójú tèmi o. Láti àárọ̀ ni wọ́n á ti gbé èrò lọ sí Ìlaro, wọ́n á gbé òmíràn bọ̀, ó di Owódé, ó di oko, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Omi ńkọ́? Wọn kì í mu ún. Wọ́n ní bí àwọn bá mumi, àwọn á máa wá ibi tí àwọn á ti tọ̀, èrò ò sì ní dúró de àwọn.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Àwa rò pé iṣẹ́ ni. Ìtọ̀ wọn wá ń pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Nígbà tí wọ́n gbà láti lọ sí ọsibítù, dókítà ní òkúta kékeré wà nínú kíndìnrín, pé ó ṣeé ṣe kó bá ìtọ̀ jáde, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa mu omi tó bíi lítà mẹ́ta lójúmọ́. Lítà mẹ́ta! Bàámi wo dókítà bí ẹni tí wọ́n ní kó gbé odò mì.

Níbo lọlọ́kadà fẹ́ gbé omi sí? Píọ̀ wọ́tà, tí o bá ti fi eyín ya á, àfi kó o mu ún tán. Ìgò tí wọ́n fi láílọ́ọ̀nù so kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà máa ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Tí ọ̀kadà bá já sí kòtò, ó lè há mọ́ ibi tí wọ́n ti ń tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, ìyẹn sì lè pa èèyàn. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú ni orúkọ ọ̀kadà ti wá, Okada Air, tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983. Inú bàálù, wọ́n á gbé ohun mímu wá bá ẹ níjòókòó. Ọ̀kadà tiwa, òùngbẹ ni.

Mo gbé ìgò 75cl lọ bá púlọ́ńbà kan. A ń kì í bọ inú àwọn àjákù páìpù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí a fi rí èyí tó gbà á, tó sì ṣẹ́ ààyè díẹ̀ kù. Mo fi ayùn irin gé e, ó ga tó ìdajì ìgò. Mo la ìsàlẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, mo yá a níná, mo tẹ àwọn ahọ́n náà wọnú. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe èyí o, èéfín páìpù kò dára fún àyà. Mo fi ihò sílẹ̀ láàárín kí òjò má baà dúró síbẹ̀. Mo gé sílípáàsì tó ti já, mo fi tẹ́ inú rẹ̀, kí ìgò má máa ró gbàgà gbàgà.

Ibi tí a máa so ó mọ́ ló gba ọpọlọ. Mo gbé e sára ọwọ́ ọ̀kadà, mo yí i dé òpin lápá òsì, ó gbá táńkì. Apá ọ̀tún nísàlẹ̀ ni sàlẹ́ńsà wà, omi á gbóná. Ara irin gáàdì iwájú, lápá òsì, ló gbé e, níbi tí orúnkún wọn ò ti kàn án. Túùbù táyà àtijọ́ tí mo gé tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi dì í, irú èyí táwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù. Mo wá wọ ìbọ̀sẹ̀ tútù fún ìgò náà, mo sì lu ihò yí páìpù ká kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ ẹ. Bí àmù ṣe ń mú omi tutù náà nìyẹn: omi tó ń gbẹ lára rẹ̀ ló ń gbé ooru lọ.

Bàámi wò ó. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọmọ ọwọ́ ni mí tó o fi so fídà mọ́ mi lára?”

Àwọn ará páàkì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, “Bàbá Fídà” ni wọ́n ń pè wọ́n. Lẹ́yìn náà, àwọn mẹ́ta wá bá mi ní kọ̀rọ̀ pé eélòó ni. Ọ̀kan bi mí bóyá ó lè gba ìgò ògógóró. Mo ní kò gbà á. Ó gbà á.

Àdéhùn tí èmi àti Bàámi ṣe ni pé wọn ò ní mumi lórí eré, wọ́n á dúró ná. Ìgò mẹ́rin lóòjọ́ ni lítà mẹ́ta. Lánàá, wọ́n mu mẹ́ta. Ìkẹrin ṣì wà nínú páìpù nígbà tí wọ́n wọlé, ó kún dé ọrùn. Mo wò wọ́n. Wọ́n ní èrò pọ̀.