Kọ́nà 318 Nínú Máìlì 11

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé n kì í jókòó síwájú nínú mọ́tò. Láti ọdún 2018 tí bọ́ọ̀sì tá a wọ̀ ti ya wọgbó lọ́nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ìjókòó ẹ̀yìn ni tèmi. Kọ́nà ni mo kórìíra jù. Bí mọ́tò bá ti fẹ́ yà báyìí, ẹsẹ̀ mi á ti máa wá bíréèkì tí kò sí níbẹ̀. Ṣé ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe fi mí ṣẹ̀sín lọ́jọ́ tá a ń gòkè láti Ìwàràjà lọ sí Ẹ̀fọ̀n Alààyè, tí mo dijú pa? Ẹ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà o. Ó dáa.

Nítorí náà, tí mo bá sọ pé mo lo òpin ọ̀sẹ̀ kan gbáko níwájú mọ́tò ẹlẹ́ni-méjì tí wọ́n ká òrùlé ẹ̀ sẹ́yìn, lójú ọ̀nà tí kọ́nà 318 wà nínú máìlì 11 péré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní onírọ́.

Oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni. Knoxville ni mo wà, ní Tennessee, l'Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti lọ lo sẹ́mẹ́sítà kan. US 129 lorúkọ ọ̀nà ọ̀hún. Ó gba Maryville kọjá, ó gba etí àwọn òkè Smoky, ó sì gùn dé Deals Gap tó jẹ́ ààlà Tennessee àti North Carolina. Tail of the Dragon ni wọ́n ń pe ibi tó lọ́ jù níbẹ̀, ìyẹn ìrù dírágónì. Kò sílé, kò sí oríta, kò sílé epo. Igi lọ́tùn-ún, ọ̀gbun lósì.

Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣe PhD níbẹ̀, ló ni mọ́tò tí mo wọ̀: Mazda Miata ọdún 1991, pupa, tí oòrùn ti jẹ ọ̀dà ara ẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ bíbí Maryville, wa Miata tiẹ̀ níwájú wa. Ọmọbìnrin ará Taiwan kan wa Toyota MR2 tẹ̀ lé wa. Mẹ́rin ni wá nínú mọ́tò mẹ́ta.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré o."

"Àbúrò, ta ló fẹ́ sáré? Eré wo ló wà lára èyí?"

Òótọ́ ló sọ. Ọdún 1989 ni Mazda kọ́kọ́ fi Miata han aráyé ní Chicago. Ẹ́ńjìnnì lítà 1.6 ni, agbára ẹṣin 116. Sienna tó ń kó wa relé lópin sẹ́mẹ́sítà lágbára jù ú lọ fíìfíì. Ohun tí Miata fi gbayì ni pé ó fúyẹ́: gbogbo ara ẹ̀ ò tó 1,000 kílò, ó sì sún mọ́lẹ̀ débi pé tí mo bá na ọwọ́ síta, díẹ̀ ló kù kí n kan títì. Àwọn tó ṣe é ní Japan ní ọ̀rọ̀ kan fún un, jinba ittai, pé kí ẹṣin àti ẹni tó gùn ún di ọ̀kan. Àwa tá a ní ẹlẹ́gùn nílé, ṣé èyí lè ya wá lẹ́nu?

Ẹ̀gbọ́n bá ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ábídí. Mọ́tò tó bá wúwo, iwájú tààrà ló fẹ́ máa lọ. Tẹ́ ẹ bá ní kó yà, á kọ́kọ́ bá yín jà. Tí ẹrù bá tún pọ̀ lórí ẹ̀, á fẹ́ ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo dákẹ́. Mo rántí orí bọ́ọ̀sì wa lọ́jọ́sí: iṣu, àpò gaàrí, bẹ́ẹ̀dì onírin kan. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń rò pé kọ́nà ló pa wá lára.

Láàárọ̀ Sátidé la wọ ibẹ̀, kùrukùru ò tíì ká tán. Máìlì 30 ní wákàtí kan ni òfin fi sí i, mi ò sì fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ń sọ ohun tó ń ṣe sókè ketekete: "Mo ń tẹ bíréèkì báyìí, a ò tíì yà. Mo ti fi í sílẹ̀. A ń yà. Ó yá, epo." Ohun tó bá wí ni ara mi ń gbọ́ láti ìdí ìjókòó. Mò ń gbọ́ táyà, mò ń gbóòórùn ewé tútù àti bíréèkì. Níbi kọ́nà bí ogún, mo wo ẹsẹ̀ mi. Ó dúró jẹ́ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ la pàdé alùpùpù kan tó gba ọ̀nà tiwa bọ̀ nínú kọ́nà. Mo rí àwọ̀ àṣíborí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò pariwo; ó kàn yí ọwọ́ díẹ̀, mọ́tò sì gbọ́ràn lójú ẹsẹ̀, ó di pé onítọ̀hún ti wà lẹ́yìn wa. Àyà mi já, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ojú mi là sílẹ̀.

Ní Deals Gap, igi kan wà tí wọ́n so àfọ́kù alùpùpù mọ́: dígí, ike, ẹ̀yà ara ọ̀kadà lóríṣiríṣi. Igi Ìtìjú ni wọ́n ń pè é. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ya fọ́tò. Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ìyá tó jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì ọjọ́ yẹn, tí kò bá wa délé, ti pín ẹ̀pà sísè fún mi ká tó kúrò ní Ìbàdàn. Mi ò mọ orúkọ wọn. Wọ́n kàn ní, "Gbà, ọmọ mi, ọ̀nà jìn." Ọmọbìnrin Taiwan yẹn wá dúró tì mí, kò béèrè nǹkan kan. Mo sọ fún un. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún tán pátápátá.

A sùn ní Robbinsville. Lọ́jọ́ Àìkú a gba Cherohala Skyway padà, ọ̀nà tí wọ́n ṣí lọ́dún 1996, tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 5,300 lọ níbi tó ga jù. Cherokee àti Nantahala, orúkọ igbó méjì, ni wọ́n gé lẹ̀ pọ̀ di Cherohala. Kọ́nà ibẹ̀ fẹ̀, ó rọrùn. Ewé igi ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú dé ibi tójú mọ.

Ní ti bọ́ọ̀sì ilé wa, mi ò tíì padà síwájú o, ẹ má tíì yọ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń wo orí ẹ̀ báyìí kí n tó wọ̀ ọ́, tí ẹrù bá ti pọ̀jù, màá dúró de òmíràn, kí ònkọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì bú mi bó ṣe wù ú.

Nígbà tá a máa fi sọ̀ kalẹ̀ sí Tellico Plains, òtútù ti mú. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, ṣé ká bo òrùlé?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀, sà."